Rífíreṣì ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ ti lọ: ibo ló yẹ kí dátà máa gbé?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe ìkànnì fún màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. React (ohun èlò JavaScript) ni mo fi kọ ojú rẹ̀ tí oníbàárà ń rí, PHP ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, Paystack ni wọ́n fi ń sanwó. Ojú-ìwé mẹ́ta ni oníbàárà máa gbà kọjá: á mú aṣọ, á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, á wá sanwó. State inú navigate (àṣẹ tí React Router fi ń gbé èèyàn lọ sí ojú-ìwé mìíràn) ni mo kọ́kọ́ fi ń gbé dátà láti ojú-ìwé kan sí òmíràn, àmọ́ bí màmá bá fi líǹkì ojú-ìwé kejì ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, òfìfo lonítọ̀hún ń bá. Mo wá kó gbogbo ẹ̀ sínú líǹkì, títí kan iye owó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan yí 18000 sí 1800, ó sanwó, ó lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sínú localStorage, àpótí inú bíráúsà, kí n sinmi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èwo ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀?”

Àbúrò, o ṣeun tó o kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi ti 1,800 yẹn pa mọ́; ọ̀pọ̀ èèyàn ni ojú máa ń tì. “Èwo ló dáa jù?” lo bi mí, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti wọlé. Nǹkan mẹ́ta tí kò bára tan lo dì sínú àpò kan: aṣọ tí oníbàárà ń wò, orúkọ àti àdírẹ́sì tó ń tẹ̀ lọ́wọ́, àti iye tó máa san. O wá ń gbé àpò náà kiri. O gbé e sínú navigate, kò gbà á. O gbé e sínú líǹkì, olè já a. Ọ̀rẹ́ rẹ ti ń júwe ibòmíràn fún ọ báyìí, ibẹ̀ náà kò ní gbà á. Tú àpò yẹn ká. Mú nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o sì bi ara rẹ léèrè pé: bí ojú-ìwé yìí bá kú báyìí, ta ló gbọ́dọ̀ ṣì lè rí èyí? Èsì rẹ̀ ló máa sọ ibi tó yẹ kó máa gbé.

Ojú-ìwé a sì máa kú, àní bí React tilẹ̀ ń ṣe bíi pé kì í kú. Nígbà tí Tim Berners-Lee ń dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní CERN láàárín 1989 sí 1991, ohun tó ń wá ni bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á ṣe máa ka ìwé ara wọn láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. O béèrè ìwé, sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pín in) fún ọ, ó parí. Bó o bá padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, àlejò tuntun ni ọ́ lójú rẹ̀. Bí HTTP, ìlànà tí bíráúsà àti sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ṣe rí títí dòní nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa tajà lórí rẹ̀ ni ìgbàgbé yìí di ìṣòro, torí ilé ìtajà tí kò bá rántí ohun tí oníbàárà ti mú kò lè tà á fún un. Lou Montulli ní Netscape, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bíráúsà nígbà náà, ló gbé cookie jáde ní 1994, ọ̀rọ̀ agbọ̀n ọjà yìí gan-an ló sì fà á.

Bó o bá fẹ́ rí cookie lójú ayé, lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba èyíkéyìí láàárọ̀ Monday. Káàdì pélébé tó ní nọ́ńbà ló wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Fáìlì wọn, ibi tí dókítà kọ àìsàn àti oògùn sí, wà nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, aláìsàn kì í gbé e lọ sílé. Káàdì yẹn ni cookie, nọ́ńbà tí bíráúsà ń gbé lọ bọ̀; fáìlì yẹn ni session inú PHP rẹ, tó wà lórí sáfà. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro: bí aláìsàn bá ń gbé fáìlì kiri, á sọ ọ́ nù sínú dáńfó, òjò á pa á, ẹlòmíì sì lè fi bírò tirẹ̀ yí ohun tí dókítà kọ padà. Nígbà tó o kọ 18000 sínú líǹkì, fáìlì lo gbé lé aláìsàn lọ́wọ́, o sì tún fún un ní bírò.

Wàyí o, React. Bí oníbàárà ṣe ń tẹ̀ láti ojú-ìwé kìíní bọ́ sí èkejì, ojú-ìwé kankan kò yí padà níbẹ̀. JavaScript ló ń nu ohun tó wà lójú kúrò tó ń ya òmíràn sí i, tó ń fi history.pushState yí líǹkì tó wà lókè padà kó lè dà bíi pé a rìn. Ilé kan náà la ṣì wà, yàrá la pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó wà nínú Context tàbí Redux (ibi tí ètò React ń kó dátà sí nínú ìrántí ojú-ìwé) fi ń wà digbí títí oníbàárà á fi rífíreṣì. Rífíreṣì wó ilé náà palẹ̀, ó tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ní ti state inú navigate, àwọn èèyàn máa ń parọ́ mọ́ ọn pé rífíreṣì ń pa á. Bó bá jẹ́ BrowserRouter lò ń lò, kì í pa á: inú history.state ni React Router ń tọ́jú rẹ̀ sí, bíráúsà sì so ó mọ́ ìrìn táàbù yẹn. Ibi tí kò sí ni inú líǹkì fúnra rẹ̀. Màmá kọ líǹkì ránṣẹ́, ó dé sórí fóònù mìíràn, bíráúsà mìíràn tí kò rin ìrìn kankan rí. Kí ló fẹ́ bá níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe àṣìṣe nínú kóòdù rẹ. Ó dáa fún ohun tí kò já mọ́ nǹkan bó bá sọnù, bíi ojú-ìwé tí oníbàárà ti ń bọ̀, kó o lè mọ ibi tí wàá dá a padà sí.

Kí n sọ ohun tó la ojú mi sí ọ̀rọ̀ ikú ojú-ìwé yìí. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tí mo bá ṣiṣẹ́, mo fẹ́ rí bí oníbàárà ṣe ń lo ohun tí mo kọ. Obìnrin kan jókòó tì mí, fóònù Android kékeré tí RAM rẹ̀ ò ju 2GB lọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fara balẹ̀ tẹ orúkọ. Ó tẹ àdírẹ́sì, ó tún júwe ilé: lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, géètì dúdú, ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá dé ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ó dé ibi owó, OTP wọlé. Ó jáde lọ wò ó nínú SMS, ẹnì kan pè é lórí WhatsApp, ó dá a lóhùn, ó padà. Chrome funfun báláú, lẹ́yìn náà ni ojú-ìwé wa tún ara rẹ̀ gbé jáde, fọ́ọ̀mù òfìfo. Fóònù náà ti pa wá láti fi àyè gba WhatsApp. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ṣe nǹkan yìí?” Ó ti fóònù bọ báàgì, ó fi owó tà-á-tà-á ra yáàdì méjì lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ó lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ń lo ìkànnì yẹn lórí láptọ́ọ̀pù mi tí kò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó o bá fẹ́ rí i lórí tìrẹ láìwá fóònù olówó pọ́ọ́kú, tẹ chrome://discards sínú Chrome, wá táàbù rẹ nínú ohun tó kó jáde, kó o tẹ Urgent Discard níwájú rẹ̀. Padà sínú táàbù náà. Ohun tó o bá rí ni oníbàárà màmá ń rí.

Ó dáa, ká tú àpò. Nǹkan àkọ́kọ́ ni ohun tí oníbàárà ń wò: aṣọ wo, àwọ̀ wo, ìgbésẹ̀ wo ló wà. Ta ló gbọ́dọ̀ rí i bí ojú-ìwé bá kú? Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí. Inú líǹkì nilé rẹ̀ nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn: /aso/214?awo=elu. Nígbà tí màmá bá fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Ìkòròdú tàbí ní Peckham ní London, Ìbàdàndùn aláwọ̀ elu yẹn kan náà ló gbọ́dọ̀ yọ sí i. Fi useParams mú 214, fi useSearchParams mú àwọ̀, kí ojú-ìwé lọ béèrè ìyókù lọ́wọ́ sáfà. Nọ́ńbà aṣọ àti àwọ̀ nìkan ló rin ìrìn àjò. Àwòrán rẹ̀, orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀, gbogbo ìyẹn ń bẹ nínú dátábéèsì tí kò kúrò níbì kan.

Líǹkì sì ní ẹ̀tàn tirẹ̀, pàápàá fún àwa tá à ń kọ Yorùbá. Àmì tó fi nǹkan kan pààlà sí èkejì nínú líǹkì ni &, nítorí náà bí ẹnì kan bá ń wá “Adé & Ọmọ”, sáfà á gbọ́ “Adé” nìkan, èyí tó kù á sọnù. Àmì + máa ń di àlàfo, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234 fi máa ń dé ọ̀dọ̀ PHP láìní + mọ́, tó ní àlàfo níwájú, tó o wá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí SMS kò lọ. Má ṣe fi ọwọ́ so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ líǹkì; jẹ́ kí URLSearchParams bá ọ so ó, á sọ + di %2B, á sọ & di %26. Orúkọ bíi Ọlá á di %E1%BB%8Cl%C3%A1. Má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, PHP á tú u padà fúnra rẹ̀. Èyí tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọ́, lẹ́tà wa tó ní àmì ohùn lókè, tó tún ní àmì kékeré nísàlẹ̀. Kò ní ẹyọ kóòdù kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ọ bọ́ síbẹ̀ kó tó fi àmì ohùn lé e, òmíràn á kọ ó kó tó fi àmì kékeré sí i nísàlẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, torí náà oníbàárà á wá “ọlọ́nà” nínú ibi ìṣàwárí, sáfà á ní kò sí, aṣọ náà sì ń bẹ nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Kó o tó tọ́jú ọ̀rọ̀ àti kó o tó wá a, kọ́kọ́ gbà á kọjá nínú normalize('NFC') ní JavaScript, tàbí Normalizer::normalize ní PHP, kí wọ́n lè di irú kan náà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá àṣìṣe yìí nígbà kan.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú líǹkì láé ni orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àdírẹ́sì ilé rẹ̀. Líǹkì kì í ṣe àpò ìkọ̀kọ̀. Ó ń wà nínú ìtàn bíráúsà, sáfà ń kọ ọ́ sínú log (àkọsílẹ̀ rẹ̀), oníbàárà fúnra rẹ̀ á sì dà á kọ sí gúrúùpù WhatsApp nígbà tó bá fẹ́ fi aṣọ han ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà láti 2023, ọ̀rọ̀ oníbàárà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré mọ́. Gígùn líǹkì náà ní ibi tó mọ: Internet Explorer àtijọ́ kò gbà ju lẹ́tà 2,083 lọ, Apache (ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò) kì í sì í gba ìlà ìbéèrè tó bá ju 8,190 báìtì lọ, àyàfi bó o bá yí i. Bí tìrẹ bá ń gùn débẹ̀, o ti ń di ẹrù lé e.

Nǹkan kejì ni ohun tí oníbàárà ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí kò tíì fi ránṣẹ́. Ta ló gbọ́dọ̀ rí i? Òun nìkan, lórí fóònù yẹn, nínú táàbù yẹn. Ibí yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀, àmọ́ sessionStorage ló yẹ kó dárúkọ. Méjèèjì ń gba nǹkan bíi 5MB, ọ̀rọ̀ lásán ni méjèèjì ń gbà (nítorí náà JSON.stringify ni wàá fi dì í), méjèèjì kì í kú bí ẹnì kan bá rífíreṣì. Ìyàtọ̀ wọn ni pé gbogbo táàbù tó ṣí ìkànnì kan náà ló ń pín localStorage, táàbù kọ̀ọ̀kan ló sì ní sessionStorage tirẹ̀. Má rò pé nǹkan kékeré nìyẹn. Nígbà tí mo ṣì ń kọ PHP nìkan, session ni mo ń kó agbọ̀n ọjà sí, session náà sì jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo táàbù. Oníbàárà kan ṣí aṣọ méjì sí táàbù méjì kó lè fi wọ́n wéra. Èyí tó ṣí gbẹ̀yìn borí ti àkọ́kọ́. Ó padà sí táàbù àkọ́kọ́, ó rí aṣọ tó fẹ́ lójú rẹ̀ kedere, ó tẹ̀ ẹ́, ó sanwó, èkejì la gbé lọ fún un. Ó ní a lu òun ní jìbìtì, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

localStorage tún ní ti àjọlò. Ṣàṣà ni fóònù tí ẹnì kan ṣoṣo ń lò nínú ilé wa: ọmọ á gbà á, àbúrò á gbà á, nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà kafé ni. Ohun tó o bá kó síbẹ̀ máa ń dúró lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, ẹni tó tẹ̀ lé e á sì bá àdírẹ́sì ilé àjèjì nínú fọ́ọ̀mù. Lórí iPhone, ìdàkejì ni: láti 2020 ni Safari ti ń gbá a dànù bí oníbàárà bá lo Safari fún ọjọ́ méje láìfọwọ́ kan ìkànnì rẹ, torí náà má fi ohun tó gbọ́dọ̀ pẹ́ síbẹ̀. Ìdẹkùn kan sì tún wà tí kì í yọ sí èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lónìí o pe pápá náà ní adiresi. Lóṣù tó ń bọ̀ o pín in sí ìlú àti òpópónà, o gbé kóòdù tuntun lọ sórí sáfà. Oníbàárà tí dátà àtijọ́ ṣì wà lórí fóònù rẹ̀ ṣí ìkànnì, React ka ìlú, kò bá a, ojú-ìwé funfun. Ìwọ kò ní rí i torí tìrẹ ti di tuntun. Fi nọ́ńbà sí i lára, bíi fomu_v2, kó o sì ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá yàtọ̀ dànù.

Nǹkan kẹta ni ohun tí ẹ ti jọ fọwọ́ sí: aṣọ wo, yáàdì mélòó, iye wo. Màmá gbọ́dọ̀ rí i, oníbàárà gbọ́dọ̀ rí i, Paystack gbọ́dọ̀ gbọ́ iye rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wọn sì dọ́gba. Dátábéèsì nìkan nilé rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: ìwọ ń dààmú nípa fọ́ọ̀mù tó ń ṣófo, ibi tí wọ́n ti ń kó ọjà màmá lọ nìyí. Mo mọ ohun tó kàn tí wàá fẹ́ ṣe: wàá ní kí o gbé iye owó kúrò nínú líǹkì, kí o fi pamọ́ sínú input tí kò hàn, tàbí kí o fi base64 yí i di lẹ́tà tí kò yé èèyàn. Má ṣe é. Ibi yòówù tó o bá fi pamọ́ sí lórí fóònù oníbàárà, ọwọ́ oníbàárà ló wà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí DevTools, ohun èlò inú bíráúsà, á yí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí React má tilẹ̀ fi iye owó ránṣẹ́. Kó sọ pé aṣọ 214, yáàdì 5. PHP á lọ wo tábìlì rẹ̀, á rí i pé 3,600 náírà ni yáàdì kan, á ṣírò 18,000 fúnra rẹ̀. Kó tún wò ó pé yáàdì yẹn jẹ́ nọ́ńbà tó tọ́, torí mo ti rí ẹni tó kọ -5 rí, tí ètò sì fẹ́ máa dá owó padà fún un.

Bó ṣe máa lọ nìyí. Bí oníbàárà bá ti mú aṣọ, React pe PHP, PHP ṣí ọ́dà kan sínú dátábéèsì, ipò rẹ̀ ni “kò tíì parí”, ó sì dá nọ́ńbà ọ́dà padà. Láti ibẹ̀ lọ, líǹkì á jẹ́ /oda/ pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, ojú-ìwé kejì àti ẹ̀kẹta á sì máa fi nọ́ńbà náà béèrè gbogbo nǹkan lọ́wọ́ sáfà. Káàdì ilé ìwòsàn náà rèé. Má jẹ́ kí nọ́ńbà náà jẹ́ 1, 2, 3, torí ẹni tó bá ní 57 á fẹ́ yọjú wo 56. Bin2hex(random_bytes(16)) á fún ọ ní lẹ́tà 32 tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò. Síbẹ̀ náà, ohun tí kò ṣeé méfò kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Bí oníbàárà bá ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ọ́dà, kí PHP máa wo cookie pé òun ló ni ín kó tó fi hàn án.

Ní ibi owó, PHP ni kó pe Paystack, kì í ṣe React, kóbọ̀ ló sì ń kà: 18,000 náírà á lọ bíi 1800000. Paystack á fún ọ ní reference, àmì ìdánimọ̀ ìsanwó náà, tọ́jú rẹ̀ mọ́ ọ́dà náà. Lẹ́yìn tí oníbàárà bá sanwó, Paystack á dá a padà sórí ìkànnì rẹ pẹ̀lú reference yẹn nínú líǹkì, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyẹn, torí wọ́n gbà pé ẹni tó padà dé ti sanwó. Ẹnikẹ́ni lè tẹ líǹkì yẹn fúnra rẹ̀. PHP gbọ́dọ̀ pe verify lọ́dọ̀ Paystack, kó sì wò ó pé iye tó wọlé dọ́gba pẹ̀lú iye tó wà nínú ọ́dà. Ká ní o ṣe èyí nìkan lọ́sẹ̀ tó kọjá, 1,800 ìbá ti bọ́ sójú táyé. Lo webhook (ìkéde tí Paystack fúnra rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí sáfà rẹ) pẹ̀lú rẹ̀, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já lẹ́yìn tí owó ti kúrò ní báǹkì kí oníbàárà tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o bá sì rí i pé ẹni tó padà láti Paystack dà bíi ẹni tí kò wọlé rí, wo cookie rẹ bóyá SameSite=Strict lo kọ sí i. Strict kì í jẹ́ kí cookie tẹ̀ lé ẹni tó ń bọ̀ láti ìkànnì mìíràn. Lax lo fẹ́.

Bọ́tìnnì ẹ̀yìn ló kù. Bí fọ́ọ̀mù rẹ bá ń lọ tààrà sọ́dọ̀ PHP, má ṣe fi ojú-ìwé dáhùn POST, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́. Tọ́jú dátà, kọ header('Location: ...', true, 303), exit tẹ̀ lé e, kí rífíreṣì má baà fi fọ́ọ̀mù kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú React, nígbà tí owó bá ti wọlé, fi replace: true sínú navigate kí ẹ̀yìn má dá oníbàárà padà síbi owó. Ohun kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: nígbà mìíràn tí oníbàárà bá tẹ ẹ̀yìn láti Paystack, bíráúsà kì í tún ojú-ìwé rẹ gbé jáde, ńṣe ló máa ń jí i dìde bó ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́, bọ́tìnnì ṣì ń yí bírí pé “ó ń lọ”, kò sì ní lọ mọ́. Gbọ́ pageshow, ìkéde tí bíráúsà ń ṣe nígbà tí ojú-ìwé bá yọ; bí persisted inú rẹ̀ bá jẹ́ true, tún béèrè ipò ọ́dà lọ́wọ́ sáfà.

Mi ò ní tàn ọ́ pé ọ̀nà yìí kò ní ìnira. Àwọn tó máa ṣí ọ́dà tí wọn ò ní parí rẹ̀ á pọ̀ ju àwọn tó máa rà lọ, dátábéèsì á kún, wàá ní láti máa gbá a lóòrèkóòrè. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan á tún máa dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bó bá sì jẹ́ session PHP lo fi ń so oníbàárà mọ́ ọ́dà, rántí pé bí wọn ò bá yí i, ìṣẹ́jú àáyá 1,440 péré, ìyẹn ìṣẹ́jú 24, ni PHP fi ń ṣọ́ fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Iná lọ, oníbàárà wá ibi tí á ti fi fóònù sí ṣájì, ó padà dé, wọ́n ti ju fáìlì rẹ̀ dànù. Ọ́dà inú dátábéèsì pẹ̀lú cookie tirẹ̀ tó ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi ń ṣe tèmi.

Kí n tilẹ̀ bi ọ́: ṣé dandan ni ojú-ìwé mẹ́ta? Ẹni tó ń ra yáàdì márùn-ún, orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ibi tí wọ́n á gbé e dé ló fẹ́ kọ. Ojú-ìwé kan á gbà á. Tèmi ni pé kó o pa kejì àti ìkẹta pọ̀, ìdajì ohun tá a sọ lókè á sì dín kù fún ọ. Bó o bá pín in sí ìgbésẹ̀ lórí ojú-ìwé kan náà, kọ ?igbese=2 sínú líǹkì, kí bọ́tìnnì ẹ̀yìn lè mú oníbàárà padà sí ìgbésẹ̀ kìíní, kó má lé e jáde kúrò nínú ìkànnì. Mi ò tíì rí kóòdù rẹ, nítorí náà mi ò lè sọ bí á ṣe pẹ́ tó láti yí i, ṣùgbọ́n apá PHP kò ní ju iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Èyí tí kò lè dúró dọ̀la ni pé kó o ṣí dashboard Paystack lálẹ́ yìí, kó o fi iye tí ọ́dà kọ̀ọ̀kan san wé iye aṣọ rẹ̀ ní ìlọ́po yáàdì, láti ọjọ́ tó o ti kó iye owó sínú líǹkì. Ẹni tó yí i lẹ́ẹ̀kan kì í sábà dúró sí ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá ti ju ọ̀kan lọ, pe màmá kí wọ́n tó di ẹrù tòwúrọ̀ ọ̀la.